Ṣé ẹ̀kọ́ orin ọ́pẹ́rà wúlò fún ẹni tó fẹ́ ṣe eré olórin? Ọ̀rọ̀ lórí Audra McDonald

Ìyá Akọrin, Ìjẹ̀bú-Òde:
Mo kí gbogbo ilé o. Ọmọ mi obìnrin ń kọ tirẹ́bù nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ó sì ti pinnu pé eré olórin ti orí ìtàgé ni òun yóò fi ṣe iṣẹ́. Audra McDonald, òṣèrébìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ni àwòkọ́ṣe rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí àwọn olórin ọ́pẹ́rà (eré òyìnbó tí wọ́n ń fi orin kíkọ ṣe dípò ọ̀rọ̀ sísọ) ṣe ń lo ohùn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní àwọn kò ní fi owó ṣòfò, nítorí pé kò sí ilé ọ́pẹ́rà kankan ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kí ni ẹ rí nínú iṣẹ́ obìnrin yìí tó lè là wá lọ́yẹ̀?

Olùkọ́ Orin, Ṣágámù:
Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Berlin ni wọ́n ti bí Audra McDonald ní 1970, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ológun níbẹ̀, ṣùgbọ́n Fresno ní California ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣeré láti kékeré. Orin bíi ti ọ́pẹ́rà gan-an ló kọ́ ní Juilliard, ilé ẹ̀kọ́ orin àti eré ní New York, ó sì parí ní 1993. Ní 1994 ló gba àmì-ẹ̀yẹ Tony àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń fún àwọn eré Broadway, àwọn ilé ìtàgé ńláńlá New York, fún ipa Carrie nínú eré olórin Carousel, ipa tí ẹni tó kọ ọ́ kò ní adúláwọ̀ lọ́kàn.

Nígbà tí yóò fi di 2014, ó ti gba mẹ́fà, òṣèré mìíràn kò sì tíì gba tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ yín wò dáadáa ni pé mẹ́ta nínú wọn kì í ṣe fún eré olórin rárá. Nínú èyí tó kẹ́yìn, tí wọn kò kà sí eré olórin bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin wà nínú rẹ̀, ó ṣe Billie Holiday, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà; ńṣe ló gbé ohùn gíga tirẹ̀ tì, tó fi ohùn tó ti há, ti obìnrin tí ayé ti sú, kọrin. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá kọ́ ohùn rẹ̀ dé gbòǹgbò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní alaalẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ má bàjẹ́.

Ará Òṣósà:
Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ. Òṣósà wa níbí ni Bàbá Hubert Ògúndé ti wá, àwọn tó sọ eré olórin di iṣẹ́ oojọ́ ní Nàìjíríà láti 1945, láìsí ilé ọ́pẹ́rà kankan. Ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gbé eré kiri. Obìnrin tí òbí yóò gbà kó gun orí ìtàgé ṣọ̀wọ́n nígbà náà, débi pé wọ́n ń fi àwọn òṣèrébìnrin wọn ṣaya kí ẹgbẹ́ má bàa tú. (Ẹ má bẹ̀rù, mà, ayé ti yí padà.)

Olùkọ́ Orin, Ṣágámù:
Mo fẹ́ fi èyí kún un: ní òpin 2024, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, McDonald gba ipa Rose, olórí ipa nínú eré olórin Gypsy, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe ipa náà ní Broadway. Ohùn tí a tọ́jú ló ń tọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Akọrin, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá rẹ̀ ti ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò san owó sáà kan ná.