Kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó ń sáré: ohun tí ojú wa rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan bi mí pé báwo ni mo ṣe yẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá aláwọ̀ wò kí n tó rà á. Ká má purọ́, èyí àkọ́kọ́ tí mo rà, n kò yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Mo kàn wò ó ni. Ìkejì ni mo fi gbọ́n, ìdí nìyẹn tí ìtàn mi fi gùn.

Ẹ̀rọ oní-ínǹṣì 64 ni ti àkọ́kọ́, irú èyí tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀, apá tó ń da yíǹkì sórí bébà, ń lọ ń bọ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé ìpolówó rẹ̀ pé ó ń tẹ 120 súkúéà mítà ní wákàtí kan. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró. Bébà A0 kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ súkúéà mítà kan géérégé, nítorí náà pósítà A0 ogójì, ogún ìṣẹ́jú péré. Wọ́n mú mi lọ síbi tí ẹ̀rọ náà wà, wọ́n tẹ àwòrán ayékòótọ́ kan fún mi, pupa ìdí rẹ̀ ń tàn yòò, ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀yin náà ti rí ẹyẹ yẹn rí. Kò sí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní ẹyẹ tirẹ̀. Mo fọwọ́ síwèé.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé e dé gan-an ni iṣẹ́ pósítà ogójì wọlé, ojú sánmà aláwọ̀ búlúù ló gba ìdajì àwòrán rẹ̀. Mo gbé e sórí eré tí wọ́n kọ sínú ìwé. Èyí tó jáde ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti etí dé etí, àfi bí ìgbà tí èèyàn fi ìyarun ya ojú sánmà. Mo pe ẹnjiníà wọn. Òun ló wá là mí lóye pé páàsì méjì ni 120 yẹn, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni hẹ́ẹ̀dì ń gba ojú ibì kan kọjá. Báńà tí wọ́n máa gbé kọ́ sókè fíofío ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ tẹ̀. Pósítà tí èèyàn máa dúró tì kà ń fẹ́ páàsì mẹ́fà. Páàsì mẹ́fà, eré di ìdá kan nínú mẹ́ta: 120 di 40.

Kò tíì parí síbẹ̀. Mo fi fóònù mi ka àkókò láti ìgbà tí mo ju fáìlì sínú RIP, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tú fáìlì sí ohun tí ẹ̀rọ lè tẹ̀, títí tí pósítà ìkẹyìn fi bọ́ sínú agbọ̀n. RIP lo ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kó tó ka fáìlì tán. Róòlù tán láàárín iṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Hẹ́ẹ̀dì dáwọ́ dúró láti nu ara rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì bi mí bóyá mo gbà. Ogún ìṣẹ́jú tí mo ṣèlérí fún oníbàárà di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ó jókòó tì mí ní gbogbo àkókò náà, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ ra ìkejì, mo kó fáìlì tèmi dání, mo sì ru róòlù bébà tèmi lọ. Mo sọ fún wọn pé n kò fẹ́ rí ẹyẹ. Mo mú PDF tó wúwo jù lọ́dọ̀ mi, èyí tí ayàwòrán kan fi òjìji àti àwọ̀ tó ń yọ́ sínú ara wọn kún fọ́fọ́. Mo mú lẹ́tà wínníwínní funfun lórí dúdú, ìwọ̀n pọ́íńtì mẹ́rin, láti wò ó bóyá yíǹkì máa ya wọ inú rẹ̀. Mo mú fọ́tò ìdílé kan tí awọ ara wọn kò dọ́gba, ẹnìkan pọ́n, ẹnìkan dú. Ṣùgbọ́n àwọ̀ eérú ló sọ òótọ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí eérú díẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fi yíǹkì síyánì, màjẹ́ńtà àti yẹ́lò po eérú, bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ lé nínú wọn, eérú máa pọ́n tàbí kó ṣe bí ewé. Àwọ̀ mìíràn lè tan ojú jẹ, eérú kò lè tan ọ. Mo tẹ onígun mẹ́rin eérú kan ní àárọ̀, mo tún un tẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀rọ ti gbóná, mo wá gbé méjèèjì sẹ́bàá fèrèsé. Àárọ̀ àti ọ̀sán bára mu, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n méjèèjì ló pọ́n. Mo ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àwọ̀ lọ́wọ́: Delta E, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe yà tó sí èyí tó yẹ kó jẹ́, ju 4 lọ. Fún ẹni tí kò bá lò ó rí, bí nọ́ńbà yẹn bá wà lábẹ́ 2, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ ọ́n. Bó bá ti kọjá 3, tí wọ́n bá gbé méjì síra, oníbàárà máa bá ẹ jà. Ọmọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ hàn mí ní bébà mi ni, pé profaìlì bébà tiwọn, ìyẹn ìtọ́sọ́nà tó ń sọ fún ẹ̀rọ bó ṣe máa po àwọ̀ lórí irú bébà kan, ló wà lórí ẹ̀rọ náà. Mo ní ó dáa, kó ṣe profaìlì tuntun fún bébà tèmi lójú mi. Ó ṣe é, ó gbà á tó ogójì ìṣẹ́jú, nọ́ńbà sì já wálẹ̀ sí 1.6. Nítorí náà ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n irú bébà àti stíkà mẹ́fà ni mo ń lò, ta ló máa ṣe profaìlì márùn-ún tó kù? A kọ ìyẹn sínú àdéhùn kí n tó tọwọ́ bàpò.

Ohun kan tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe: ẹ ya ìlà kan tó gùn ní mítà mẹ́wàá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n nílẹ̀. Tèmi jáde ní mítà 9 àti sẹ̀ǹtímítà 96. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ti sọnù sí bí ẹ̀rọ ṣe ń fa bébà. Ẹni tó ń tẹ pósítà lásán lè má bìkítà. Èmi tí mo ń tẹ àwòrán ara ògiri ní ìlà-ìlà tí a óò lẹ̀ mọ́ra, bí ìlà kan bá fa bébà dáadáa tí ìkejì kò fà á bẹ́ẹ̀, imú èèyàn máa wà lókè, ihò imú rẹ̀ máa wà nísàlẹ̀. Wọ́n tún ìfàbébà rẹ̀ ṣe níbẹ̀, ìlà kejì pé mítà mẹ́wàá dín mìlímítà méjì. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé o. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kì í rìn ni mo dán wò. Hẹ́ẹ̀dì márùn-ún ni wọ́n tò pọ̀ kó lè gba ìbú ínǹṣì 42, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò yíǹkì 70,400. Wọ́n dúró sójú kan, bébà ló ń sá kọjá lábẹ́ wọn, ínǹṣì 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A0 kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo fò sẹ́yìn, mo rò pé bébà ti já ni.

Eré yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sí irọ́ páàsì méjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń rìn, bí ihò kan bá dí, ihò mìíràn máa bo àṣírí rẹ̀ bó bá ń padà bọ̀. Níbí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bébà kọjá. Ihò tó bá dí kò ní ẹni tó máa bò ó. Mo tẹ A0 ọgọ́rùn-ún. Ní ìkọkànlélọ́gbọ̀n, ìlà funfun kan tín-ín-rín bí irun bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó sì bá gbogbo bébà lọ títí dé ìsàlẹ̀. Nítorí bí ó ṣe ń yára, kí n tó pariwo "ẹ dá a dúró", mọ́kànlá mìíràn ti jáde pẹ̀lú irun lórí. Eré náà ni, ó ń bàjẹ́ bó ṣe ń dára.

Ẹ tẹ àwọ̀ búlúù dúdú kan ṣoṣo kó kún bébà, kò gbọ́dọ̀ sí àwòrán nínú rẹ̀. Ní gbogbo ínǹṣì mẹ́jọ ó lé díẹ̀, ibi tí hẹ́ẹ̀dì kan ti pàdé ìkejì, mo rí òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mẹ́rin ni wọ́n. Lórí àwòrán ilé tàbí máàpù, ẹ ò ní rí i láéláé. Lórí pósítà ìpara ojú, ẹni tó gbéṣẹ́ wá kò ní gbà á.

Mo tún mú ìwọ̀n dání. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo wọn gbogbo ọpọ́n yíǹkì kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo tún wọn wọ́n lẹ́yìn bébà ọgọ́rùn-ún yẹn. Kọ̀ǹpútà ní mìlílítà 640 ni a lò. Ìwọ̀n ní gíráàmù 790 ló ti lọ. Bí a bá tiẹ̀ yọ ọ́ pé yíǹkì wúwo ju omi lọ díẹ̀, èyí tó kù ti bá ìnuhẹ́ẹ̀dì lọ sínú àgbá ìdọ̀tí, kọ̀ǹpútà kò sì kà á. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó sùn títí di ọjọ́ kejì, mo sì tún wọ̀n ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ó tún ti fúyẹ́ sí i. Ẹ̀rọ yìí ń mu yíǹkì lójú oorun.

Mo ṣì rà á o, torí pé àwòrán ilé ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n iye tí mo ń gbà lórí bébà kan, orí gíráàmù ni mo gbé e kà, n kò gbé e lé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

*

Èmi tẹ àwòrán ilé lórí ẹ̀rọ méjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan olómi, ọ̀kan oníyẹ̀fun tónà. Mo fi ìka tó tutù ra ojú ìlà méjèèjì. Tónà kò mira. Ti olómi fà lọ bí omijé obìnrin tó lé tìróò. Wọ́n sọ fún mi pé yíǹkì mìíràn wà tí omi kì í ràn, tí wọ́n ń pè ní pígímẹ́ńtì, pé kì í ṣe òun ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ yẹn. Ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, torí àwọn tí mo ń tẹ̀wé fún, inú òjò ni wọ́n ti ń tú u wò.

*

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Gbogbo ìdánwò tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ni mo ṣe, ó yege. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ilẹ̀kùn mi ò gbà á. A yọ férémù, a yọ ògiri díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wọn ilẹ̀kùn, ẹ wọn ibi tí wọ́n máa gbà yí i ní kọ́ńà, ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó máa ki róòlù bọ̀ ọ́.

*

Stíkà àti báńà ni tèmi. Ẹ̀rọ oníyíǹkì sólúfẹ́ǹtì, yíǹkì tí wọ́n fi kẹ́míkà pò dípò omi, ni mo kọ́kọ́ ní, ó yára, ṣùgbọ́n stíkà tó tẹ̀ kò ṣeé bo pẹ̀lú ọ̀rá lámínéètì lójú ẹsẹ̀. A máa ń dúró tó wákàtí 24 kí èéfín yíǹkì lè jáde tán. Ọjọ́ kan tí ọmọ iṣẹ́ mi kánjú bò ó ní alẹ́, gbogbo etí rẹ̀ ti ká sókè kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo dán ẹ̀rọ oníyíǹkì látẹ́ẹ̀sì, yíǹkì olómi tí ooru ń gbẹ, wò, ti ìyẹn lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ooru ti gbẹ ẹ́ kó tó jáde, a bò ó lọ́jọ́ náà, a sì gbé e lọ. Èwo ló wá yára nínú méjèèjì?

Ẹ tún ki ìparí róòlù bọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, ibi tó ti ká jù. Bí etí rẹ̀ bá gbéra sókè tó sì gbá hẹ́ẹ̀dì, ẹ máa gbọ́ ọ, ó máa ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó sàn kó dún lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á.

*

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ náà ni mo padà dé. Àbúrò mi oníwọ̀n, o ṣeun, mo ti ra ìwọ̀n tèmi lánàá.

Ẹni tó bi mí nípa ẹ̀rọ àlòkù: má wo ara rẹ̀, wọ́n máa ń nù ún. Ní kí wọ́n tẹ ìwé àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ náà jáde fún ọ, iye mítà tó ti tẹ̀ àti ọjọ́ orí hẹ́ẹ̀dì máa ń wà níbẹ̀. Kí o sì bèèrè irú hẹ́ẹ̀dì tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP àti Canon máa ń fi ooru ti yíǹkì jáde, hẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ dà bíi táyà ọkọ̀, wọ́n retí kó tán kí o ra òmíràn, o sì lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ. Epson ń lo piezo, ègé kékeré tí iná mànàmáná ń mú kó tẹ̀ láti ti yíǹkì jáde, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá kú, ẹnjiníà lo máa pè. Èyí tí o fẹ́ rà yẹn, bó bá jẹ́ piezo tí ó ti tẹ mítà púpọ̀, yọ owó hẹ́ẹ̀dì kúrò nínú iye tí wọ́n pè kí o tó dá wọn lóhùn. Kí o sì tẹ eérú yẹn.