Insulator méjì, síbẹ̀ ojú eṣinṣin pọ́n: kí ló fà á?

Oníbèérè, Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí eṣinṣin èso, Drosophila: insulator kan tó ń jẹ́ gypsy (insulator ni ègé DNA tó ń dínà fún enhancer) wà láàárín enhancer ojú (ègé DNA tó ń ta jíìnì jí) àti jíìnì white tó ń mú kí ojú pọ́n, ojú sì ṣá. Nígbà tí èkejì wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìdíwọ́ lè le sí i, ńṣe ni ojú pọ́n fòò padà. Ṣé DNA náà ló bàjẹ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n, Kétu: Kò bàjẹ́, àbúrò. Ọdún 2001 ni àwọn olùwádìí ti ròyìn irú èyí. Insulator kì í ṣe ògiri rárá. Purotéènì Su(Hw) máa ń rọ̀ mọ́ ojú ibi 12 lórí gypsy, nínú DNA tí kò gùn ju bíi lẹ́tà 350 lọ, ó sì ń pe purotéènì méjì mìíràn, CP190 àti Mod(mdg4), mọ́ra. Àwọn wọ̀nyí a máa fa irú ara wọn. Mú òwú kan, fi íǹkì sàmì sí i níbi méjì, kó o pa àmì méjèèjì pọ̀. Èyí tó wà láàárín á ká bí òrùka, apá ọ̀tún àti apá òsì á sì kanra. Ibẹ̀ ni enhancer ti ń bá white pàdé.

Gbé insulator kan lọ sẹ́yìn enhancer, kí enhancer wà láàárín méjèèjì, kí white wà níta. Ìdíwọ́ á padà. Tún to òmíràn tí DNA lásán tó gùn bákan náà rọ́pò insulator kejì, kó o lè mọ̀ pé kì í ṣe jíjìnnà ló fà á. Ojú attP kan náà (ibi tí a ti yàn lórí kúrómósómù láti fi DNA sí) ni kí gbogbo wọn wọ̀. Bí P-element (ègé DNA tó ń fò kiri, tí a fi ń gbé jíìnì wọ inú eṣinṣin) bá gbé wọn síbi tó wù ú, ibi tí wọ́n bọ́ sí nìkan lè yí àwọ̀ ojú padà.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ orí o: ojú mini-white (jíìnì white tí a gé kúrú) a máa pọ́n sí i bí eṣinṣin ṣe ń dàgbà. Akọ pẹ̀lú akọ, abo pẹ̀lú abo, ọjọ́ 3 sí 5 ni kí ẹ fi wé ara wọn. Ẹ̀rí tó dájú jù: ẹ mú ìran onínsulator kan ṣoṣo wọ inú eṣinṣin tí ẹ̀dà jíìnì su(Hw) rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́, ojú á pọ́n. Abo irú rẹ̀ kì í bí, TM6B (kúrómósómù balancer, tí kì í jẹ́ kí jíìnì tó bàjẹ́ náà sọnù) ni kí ẹ fi pa ìran wọn mọ́. 25°C ni kí ẹ sìn wọ́n sí. Nínú ooru tiwa yìí, bó bá ti dé 30°C, akọ á yàgàn.

Oníbèérè: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé gbogbo insulator ló ń so pọ̀ báyìí?

Ẹ̀gbọ́n, Kétu: Rárá, wọ́n ń yan ẹnìkejì. Purotéènì Zw5 lórí insulator scs àti purotéènì BEAF-32 lórí insulator scs′ máa ń pàdé. BEAF-32 fẹ́ràn ààrin jíìnì méjì tó kẹ̀yìn síra wọn. Bí kúrómósómù bá já tó sì tún so, tí jíìnì bá rí aládùúgbò tuntun, insulator níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí enhancer aládùúgbò dá a láàmú. CTCF, purotéènì insulator mìíràn, wà lára èèyàn náà, ṣùgbọ́n ìdílé Drosophila ni BEAF-32 mọ. Tún dán scs pẹ̀lú scs′ wò lẹ́yìn tí ti gypsy bá ti dúró.