Ẹ̀yin tó mọ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú òkú ní yunifásítì Amẹ́ríkà, kí ló le jù níbẹ̀?

Ọmọ_Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kéèyàn má ti bẹ̀rù òkú, ó parí. Kí wá ni wọ́n fi ń kọ́ ọ fún odidi ọdún mẹ́rin? Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fìdí rẹmi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀.

Ṣọlá_Detroit: Ẹ̀rù òkú kọ́ ló ń lé wọn padà sílé. Kẹ́mísírì ni.

Àrẹ̀mú_Minnesota: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, kẹ́mísírì, ìmọ̀ kòkòrò àrùn àti ìmọ̀ nípa ohun tí àìsàn ń ṣe sí ara ló kọ́kọ́ ń dúró dè wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òfin ìsìnkú, ìṣirò owó, bí a ṣe ń bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀, àti àtúnṣe ojú òkú. Ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, dìgírí ọdún méjì ti tó láti gba láísẹ́ǹsì. Minnesota àti Ohio ló ní dandan ni dìgírí ọdún mẹ́rin. Ní ibi púpọ̀, ìdánwò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wà tó pín sí méjì, Arts àti Sciences, 75 sì ni máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kàwé fún Sciences nìkan ló sábà ń ṣubú nínú Arts, torí wọ́n ti gbàgbé pé òfin àti ìṣirò owó wà níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì: Ọdún mẹ́rin nítorí òkú wíwẹ̀? Àwọn ìyá wa ń wẹ òkú, kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí.

Àlàbí_Cincinnati: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú mà, wíwẹ̀ yàtọ̀ sí fífi oògùn pa òkú mọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò kan ṣoṣo. Lára ìgò oògùn ni wọ́n kọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní index sí. Iye gíráàmù formaldehyde, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí òkú bàjẹ́, tó wà nínú 100 mílílítà oògùn náà nìyẹn. Ká ní òkú wọn 150 pọ́ùn. Ìlànà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni galọ́ọ̀nù kan fún 50 pọ́ùn, nítorí náà galọ́ọ̀nù 3, èyí tó jẹ́ 384 áúnsì. Bí a bá fẹ́ kí agbára rẹ̀ jẹ́ 2%, tí index inú ìgò sì jẹ́ 25, a ó fi 2 lọ́nà 384, a ó sì pín in sí 25. Ohun tí a ó dà sínú ẹ̀rọ tó ń ti oògùn sínú iṣan òkú ni 30.72 áúnsì, omi ni ìyókù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá gbé ìgò tí index rẹ̀ jẹ́ 30 láìtún ìṣirò ṣe, agbára yóò di 2.4% láìmọ̀.

Ìyá_Ìbejì: Ṣé ìwọ̀nba tó fi lé yẹn tó nǹkan ni? Kó le díẹ̀ sí i, kò ha ní pa òkú mọ́ dáadáa?

Àlàbí_Cincinnati: Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà mà. Oògùn tó bá le ju bó ṣe yẹ lọ máa ń mú kí àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ le kí oògùn tó gba inú wọn kọjá. Ìta á gan bí awọ bàtà, inú á máa bàjẹ́ lọ.

Ṣọlá_Detroit: Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀ pa. Ohun tó ń mú ara pọ́n rúsúrúsú ni bilirubin. Bí formaldehyde tó le bá kàn án, yóò di biliverdin, àwọ̀ ewé sì ni ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo ojú òkú, á ní oògùn ni kò tó, á tún da sí i. Bó bá yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn àti àyà á di àwọ̀ ewé bí ẹ̀fọ́. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́.

Kẹ́hìndé_H: Ha! Nítorí náà ni àwọn òkú kan ṣe ń rí bẹ́ẹ̀! Ní ilé wọ́n á ní májèlé ni wọ́n fún un jẹ.

Alàgbà_Houston: Ẹ̀sùn májèlé tó ti fọ́ ẹbí púpọ̀, tó bá ṣe pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi oògùn sí òkú ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

Kẹ́hìndé_H: Ẹ ṣé Alàgbà. Kí wá ni kí wọ́n ṣe sí irú òkú bẹ́ẹ̀?

Ṣọlá_Detroit: Kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi tó ní oògùn ìfọ̀ ṣan ẹ̀jẹ̀ jáde, kí ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn dáadáa, torí bilirubin wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lo oògùn tí wọ́n ṣe fún irú òkú bẹ́ẹ̀, tí formaldehyde inú rẹ̀ kéré, kí wọ́n pò ó mọ́ àwọ̀ pupa díẹ̀.

Àrẹ̀mú_Minnesota: Mi ò gbà tán. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, kíndìnrín rẹ̀ lè bàjẹ́ pẹ̀lú, ara rẹ̀ á sì wú fún omi. Omi yẹn á tún la oògùn tó ti kéré tẹ́lẹ̀. Bó bá pẹ́ kí wọ́n tó sin ín, òórùn á bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ṣeé fi àtíkè bò. Òkú tó ti ń rà kò ṣeé bò.

Ṣọlá_Detroit: Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi omi lásán sí i. Ojú àti ọwọ́ tí ẹbí máa wò ló yẹ kí oògùn rẹ̀ rọ̀. Ìyókù ara lè gba èyí tó le.

Àrẹ̀mú_Minnesota: Tó bá jẹ́ pé wọ́n ya oògùn orí sọ́tọ̀ sí ti ara, a wà pa pọ̀.

Ọmọ_Abẹ́òkúta: Báwo ni wọ́n ṣe ń ya oògùn orí sọ́tọ̀?

Àlàbí_Cincinnati: Àwọn iṣan carotid méjèèjì, iṣan ọrùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí, ni wọ́n á là jáde, tọ̀tún tòsì. Wọ́n á ki ọ̀pá oògùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó kọjú sí ìsàlẹ̀, wọ́n á tún ki òmíràn tó kọjú sókè, ti òkè yìí kò gbọdọ̀ dí, kí oògùn tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé orí lè jáde. Ara ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe parí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á po oògùn mìíràn fún orí, apá òsì kí ọ̀tún tó kàn. Ọ̀nà yìí ni kì í jẹ́ kí ojú wú nígbà tí oògùn bá pọ̀ tàbí tó bá le. Bí ojú bá ti wú, kì í fọ̀ bọ̀rọ̀, ẹbí á sì ní òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún àwọn.

Nínú yàrá ìkọ́ṣẹ́, wíwá iṣan yẹn gan-an ló ń gba àkókò. Ọrùn ọ̀tún ni wọ́n sábà ń là. Carotid wà nínú, ó sún mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Jugular, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà láti orí, wà lóde rẹ̀. Vagus, tí kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ bí kò ṣe iṣan ìmọ̀lára, fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn méjèèjì. Carotid funfun, ó nípọn, bí wọ́n bá gé e ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ róbótó bí ẹnu igi ìmumi. Jugular rọ̀, ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó ní àwọ̀ aró, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti kúrò nínú rẹ̀ á lẹ̀ pẹlẹbẹ. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fà ya, torí wọ́n ń fi ohun ìfàya tó mú wá a dípò ìka.

Bọ́lá_Lọ́ńdọ̀nù: Níbí ní England kò sí òfin tó ní kéèyàn gba láísẹ́ǹsì kó tó ṣí ilé ìsìnkú. Ẹgbẹ́ àwọn atọ́jú òkú, British Institute of Embalmers, ti wà láti 1927, ẹni tó bá fẹ́ ló ń ṣe ìdánwò wọn. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ni ẹ sọ ọ́ di dìgírí.

Ṣọlá_Detroit: Colorado náà wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2024 ni wọ́n ṣe òfin láti yí i padà. Ibi tí a bá ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń bójú tó o, ẹbí tí kò mọ nǹkan kan ló ń jìyà rẹ̀.

Adùkẹ́_Maryland: Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan tí kò sí nínú ìwé wọn. Kí ló dé tí ojú òkú àwa aláwọ̀ dúdú fi máa ń rí bí ẹni tí wọ́n fi eérú pa?

Alàgbà_Houston: Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ilé ìwé dáhùn nìyí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, pupa tó wà lábẹ́ awọ dúdú lọ pẹ̀lú rẹ̀, ohun tó kù ni eérú. Ẹni tí kò mọ̀ á mú àtíkè dúdú, á fi bò ó, yóò sì túbọ̀ burú. Pupa ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, pupa bí osùn, tínrín, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí, ṣóńṣó imú, àgbọ̀n àti etí. Kí àwọ̀ ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ olómi tàbí ìpara, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú. Lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n máa ń fọ́n sí i níkẹyìn kí ó má baà dán ló ń sọ gbogbo iṣẹ́ náà di eérú padà. Àti ètè: ètè òkè wa sábà máa ń dúdú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kun méjèèjì ní àwọ̀ kan náà ti yí ojú ẹni náà padà. Kí wọ́n béèrè fọ́tò, kì í ṣe ti ìgbà ìgbéyàwó, ti ọdún tó lò kẹ́yìn.

Adùkẹ́_Maryland: Ẹ̀wo ètè! Ọlọ́run á bù kún yín Alàgbà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa rí.

Kẹ́hìndé_H: Kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná gbọ̀ngàn tí ẹbí á ti wò ó. Iná funfun inú yàrá iṣẹ́ ń tan ni.

Àlàbí_Cincinnati: Kí oògùn tó wọlé ni kí wọ́n ti to ojú àti ẹnu o, torí bí ẹran ara bá ti gan, ó parí. Ìpéǹpéjú òkè ló ń bo ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹyin ojú, ti ìsàlẹ̀ á bo ìdá kan. Bí wọ́n bá pàdé ní àárín gan-an, á dà bí ẹni tó ń fún ojú pọ̀.

Alhaji_Ìbàdàn: Ti òkú Mùsùlùmí ńkọ́? Wọ́n á ní òfin ló ní kí wọ́n fi oògùn sí i.

Adùkẹ́_Maryland: Ṣé kì í ṣe òfin ni?

Ṣọlá_Detroit: Rárá o. Funeral Rule, òfin àpapọ̀ tó ti wà láti 1984, kà á léèwọ̀ kí ilé ìsìnkú parọ́ pé òfin ní dandan ni ìfoògùn-sí-òkú. Bí ẹbí bá fẹ́ sin ín kíá, wíwẹ̀, aṣọ kafaní, àti yàrá tútù títí wọ́n á fi sin ín, ó tó. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n fún ẹni tó bá wọlé béèrè ìwé iye owó, kó mú un lọ sílé, kí wọ́n sì sọ iye owó lórí fóònù fún ẹni tó bá pè.

Alhaji_Ìbàdàn: Jazākallāhu khayran. Pósí ńkọ́? A ra tiwa níta, wọ́n ní owó ìgbàwọlé.

Ṣọlá_Detroit: Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Òfin yẹn ní kí wọ́n gba pósí tí ẹ rà níta láìgba kọ́bọ̀ lé e.

Ìyá_Ìbejì: Ó dáa, mo ti gbà pé ẹ̀kọ́ ni. Òkú tó ń lọ sílé ńkọ́, tí a ó tún dúró kí gbogbo ọmọ dé kí wọ́n tó sin ín?

Àrẹ̀mú_Minnesota: Ẹ ṣé mà. Fún irú òkú bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kì í parí lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn tí oògùn bá gba iṣan tán, wọ́n á ki trocar, irin gígùn oníhò, láti bí íńṣì 2 sókè ìdodo àti íńṣì 2 sí òsì rẹ̀, wọ́n á fi fa omi àti gáàsì jáde nínú àyà àti ikùn. Lẹ́yìn náà, bí ìgò 16 áúnsì kan oògùn líle sí àyà, òmíràn sí ikùn. Ní ọjọ́ kejì kí wọ́n tún padà fà á, torí gáàsì tó bá tún gbára jọ ló ń ti omi jáde gba imú àti ẹnu nínú ọkọ̀ òfúrufú. Bí wọ́n bá ti fà á lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tún da oògùn mìíràn sí i.

Adùkẹ́_Maryland: Ètè tó máa ń gbẹ, tó máa ń sán ńkọ́?

Àrẹ̀mú_Minnesota: Kí wọ́n fi ìpara kun ètè, ìpéǹpéjú àti ìka kí wọ́n tó ti pósí, kí wọ́n sì sọ fún àwọn tó máa gbà á ní ilé pé kí wọ́n má fi fáànù kọjú sí òkú.