"Ìperédà" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìyára ẹ̀gbẹ́"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní fìsíìsì ló da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ń wá ohun tí a ó máa pe "tangential acceleration" nígbà tí nǹkan bá ń yípo, ìyẹn bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i tàbí bó ṣe ń dín kù lójú ọ̀nà tó ń tọ̀, wọ́n sì dábàá "ìyára ẹ̀gbẹ́". Àbúrò wa kan ní "ìtẹná" ló dára jù, torí bí àwọn awakọ̀ ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹlòmíràn ní ká kúkú yá a lódindi lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ká fi àmì ohùn sí i. N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun náà fúnra rẹ̀. Ọlọ́kadà kan ń yí ráńdábáòtù po. Láti àárín ráńdábáòtù dé ibi tí táyà rẹ̀ ń tẹ̀ jẹ́ mítà 25, eré rẹ̀ sì jẹ́ 10 m/s, ìyẹn kìlómítà 36 ní wákàtí kan. Bí kò tilẹ̀ fi kún eré, tí kò sì dín in kù, ibi tó kọjú sí ń yí padà ṣáá: ó kọjú sí àríwá, láìpẹ́ ó ti kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ìyípadà yìí nìkan ti jẹ́ 4 m/s², àárín ráńdábáòtù ló sì dorí kọ. Wàyí o, ọlọ́kadà tẹ bírékì, eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ ní 3 m/s², ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ń fi 3 m/s dín kù. Èyí kò kọjú sí àárín rárá, ẹ̀yìn ọ̀kadà gan-an ló kọjú sí, lójú ọ̀nà tó ń tọ̀ bọ̀. Èyí kejì yìí ni à ń wá orúkọ fún. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, kò ní jẹ́ 7, torí wọn kò kọjú síbì kan náà, ńṣe ni wọ́n dábùú ara wọn (3² + 4² = 5²); 5 ni yóò jẹ́. Táyà kan náà ló sì ní láti di ilẹ̀ mú fún méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá tẹ bírékì lójijì nínú kọ́ọ̀nà, nígbà tí òjò ti rọ̀ sórí ọ̀dà, fi máa ń yọ̀ ṣubú.

Níbo wá ni ẹ̀gbẹ́ ọlọ́kadà yìí wà? Àárín ráńdábáòtù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ òsì. Bí ohunkóhun bá yẹ ní "ti ẹ̀gbẹ́", ti àkọ́kọ́ ni, èyí tí a kò wá orúkọ fún. Tiwa, iwájú tàbí ẹ̀yìn ló ń lọ. Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti mú un: ìlà tó kan ẹ̀gbẹ́ òbírí níbì kan ṣoṣo ni wọ́n ń rò. Ní jiómẹ́tírì, n ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn, ọmọ tó bá gbọ́ "ẹ̀gbẹ́" yóò rò pé wọ́n ń tì í ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyára" náà kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí ìyára ni eré fúnra rẹ̀, ohun tí à ń sọ sì ni bí eré ṣe ń yí padà.

Mo fẹ́ràn "ìtẹná", ẹnu àwọn ènìyàn ló ti wá. Ṣùgbọ́n iná wo ló wà lára òkúta tó ń já bọ́ láti orí òkè? Ẹni tó sì tẹ bírékì, ṣé a ó tún ní ó tẹná?

Ní ti yíyá ọ̀rọ̀, n kì í bínú sí i. Bírékì àti táyà wà nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tọ́ ọmọ sọ́nà nìyí. Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Huygens, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Netherlands, ti fi Látìnì sọ ipá tó ń sá fún àárín lórúkọ. Newton fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá òmíràn, èyí tó ń wá àárín, ó sì lò ó nínú ìwé rẹ̀ ti 1687. Irú iṣẹ́ yìí náà ló dúró de Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Tèmi rèé. A ní ìparadà, a ní ìpàwọ̀dà. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà yẹn. Ohun tó bá pa eré rẹ̀ dà, ìperédà ni. Èyí tó pa ojú dà, tó yí ibi tó dojú kọ padà, ìpojúdà ni. Méjèèjì lápapọ̀, ìparìndà. Bí eré lọ sókè, bó lọ sílẹ̀, ìperédà gbà á. Ẹnìkan lè ní ìpojúdà jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń díbọ́n. Bí a bá ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìperédà, kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi fáànù òkè dán an wò ní kíláàsì. Ká ní apá rẹ̀ gùn tó sẹ̀ńtímítà 60 láti àárín, tó fi ìṣẹ́jú àáyá 10 dé yíyí 300 ní ìṣẹ́jú kan, tí eré rẹ̀ sì ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn, ìperédà ṣóńṣó apá rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.9 m/s². Gbàrà tí eré dúró sójú kan, ìperédà di òdo, ṣùgbọ́n ìpojúdà ṣóńṣó náà wà ní nǹkan bí 592 m/s², tó tó ìlọ́po 60 fífà tí ilẹ̀ ń fà wá. "Ìyára ẹ̀gbẹ́" kò lè ya ìgbà méjèèjì yìí sọ́tọ̀.

Ó ku yíyí fáànù fúnra rẹ̀, tí kò yàtọ̀ láti ìdí apá dé ṣóńṣó. Mo dábàá òyì fún un, kí àyípadà rẹ̀ jẹ́ ìpòyìdà. Ẹ sọ ìpòyìdà di púpọ̀ pẹ̀lú jíjìnnà sí àárín, ìperédà lẹ ó rí: 1.9 ní ṣóńṣó, ìdajì rẹ̀ ní agbede méjì apá. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju òyì lọ, kó gbé e wá.