Iyè ni o, ìyè kọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, mo ní kí n dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí bọ̀dá wa ṣẹ̀dá yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Fún ẹni tí ò bá wa níbẹ̀rẹ̀: bọ̀dá ní ká máa pe sáìkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú àti bó ṣe ń hùwà, ní "ìmọ̀ ìyè", wọ́n wá fi kún un pé onísáyẹ́ǹsì ò lè ní ìgbàgbọ́, àti pé ọmọ tó bá ń ṣiyèméjì sọ́rọ̀ òbí ẹ̀, kò fọkàn tán òbí yẹn ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tí mo lè gbójú fò nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ohùn ná. Ìyè, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, òun ló wà nínú ìyè àìnípẹ̀kun. Iyè, tí ohùn àárín ṣíwájú, ìyẹn nibi tí èèyàn ń kó ohun tó mọ̀ sí, òun là ń sọ tá a bá ní iyè wa ti ra, òun la fi ń pe ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan ní oníyè, òun náà ló wà nínú ìsọyè táwọn bàbá wa mọ̀. Iye, ohùn àárín méjì, ti owó àti ti òǹkà nìyẹn. Ẹ kọ "ìmọ̀ ìyè" sára ilẹ̀kùn, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á rò pé ẹ̀kọ́ nípa ewéko àti ẹranko ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, tàbí kó rò pé ilé àdúrà ni. Bọ̀dá ní àwọn ti ń fi Yorùbá kọ́ni láti ọgbọ̀n ọdún, mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an ni, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ò yí ohùn padà.

Bọ̀dá ní Gíríìkì làwọn tẹ̀ lé, pé psyche, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n ti yọ sáìkọ́lọ́jì, èémí ni, ẹ̀mí ni. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Kí ló wá kàn wá? Lọ́dún 1879 tí Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí sáìkọ́lọ́jì tiẹ̀ sílẹ̀ ní Leipzig ní Jámánì, ṣé ẹ̀mí ló ń wọ̀n ni? Wọ́n á mú kí ìró kan dún, ẹni tó jókòó á fi ìka tẹ nǹkan tó wà níwájú ẹ̀ ní kété tó bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á wá wo bó ṣe pẹ́ tó láàárín méjèèjì. Iyè ni wọ́n ń wọ̀n, "ìmọ̀ iyè" ló yẹ ká pè é! Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe lẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ń wò, kò yẹ kó lọ máa hú egungun ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì. Àǹtí wa tó ní "ìmọ̀ ọkàn" sún mọ́ ọn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù ti pọ̀ jù lórí ọkàn, èyí tó ń lù kìkì láyà, ọkàn ni, èyí tó ń fẹ́ nǹkan, ọkàn ni.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé bọ̀dá fúnra wọn lo ọ̀rọ̀ náà láìwo inú ẹ̀. Ṣiyèméjì. Ṣe, iyè, méjì. Iyè yẹn náà ni! Kò sẹ́ni tó ní ìyè méjì. Ẹni tó ń ṣiyèméjì, iyè ẹ̀ ló là sọ́nà méjì, ọ̀kan ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, èkejì ń sọ pé bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Bíbélì la ti kọ́ láti máa kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, Mátíù orí 14 níbi tí Pétérù ti ń rì, ìgbàgbọ́ kékeré àti iyèméjì jọ wà nínú gbólóhùn kan náà níbẹ̀, látìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá sì ti jáde lọ́dún 1884 la ti ń gbọ́ ọ nínú ìwàásù. Fún Pétérù ó bá a mu, àárín omi ló wà. Ẹni tó ń ṣèwádìí, orí ilẹ̀ ló wà, ó láyè láti tún un wò.

Ìgbàgbọ́ ńkọ́? Gbà, gbọ́. Ọ̀gá kan ti sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣe ẹlẹ́là ni, irú èyí tó máa ń là sí méjì nínú gbólóhùn, pé kí n má tú u. Mo mọ̀ pé ẹlẹ́là ni, ẹlẹ́là náà ní inú. Etí wà nínú ẹ̀: mo gbọ́ ohun tó o sọ, mo sì gbà á. Ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì tó ti wà ní London láti 1660, Royal Society, ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n fi ṣàmì ara wọn ni Nullius in verba, pé àwọn ò ní torí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gba nǹkan. Ẹ ò rí i pé gbọ́ ni wọ́n ń bá jà, pé wọn ò bá gbà jà? Wọ́n á gbà, tí wọ́n bá rí i. Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́ pé ìròyìn ò tó àfojúbà.

Fọkàn tán ò ní etí nínú rárá. Fi ọkàn tán. Ìwà ẹni yẹn lo ti rí pẹ́, ló fi jẹ́ pé ọkàn rẹ tán sí i lára.

Mo lè máa lọ bí ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí bàbá mi sọ pé òkúta ńlá àti òkúta kékeré, téèyàn bá jọ jù wọ́n sílẹ̀ látòkè, wọ́n á jọ balẹ̀ ni. Mi ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá lọ, mo gun àga, òkúta tó tó ìkúùkù lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí ò ju èékánná lọ lọ́wọ́ òsì, mo jù wọ́n. Kò dá mi lójú. Mo tún jù wọ́n, bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ kí n tún ṣà wọ́n ni mo rí ẹsẹ̀ bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí. Wọ́n lóṣòó sílẹ̀, wọ́n ní, "Tún un jù. Dijú, má wò ó, tẹ́tí sí i. Ìró kan ni àbí méjì?" Ìró kan ni. Etí ni mo lò lóòótọ́, àmọ́ ẹnu bàbá mi kọ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n ń tàn mí. Mo fọkàn tán wọn, iyè mi sì jẹ́ méjì, àwọn méjèèjì ò bára wọn jà.

Mary Ainsworth, onímọ̀ sáìkọ́lọ́jì tó wo àwọn ìyá àtọmọ ọwọ́ ní Uganda láàárín 1954 sí 1955, tó tún wo irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ohun tó rí nìyí: ọmọ tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ sára ìyá ẹ̀ ló ń rákò jìnnà sí i, á fọwọ́ kan èyí, á gbé tọ̀hún, á bojú wẹ̀yìn wo ìyá, á tún máa lọ. Bọ̀dá wa, ẹ má bínú, òdì lẹ gbé e kalẹ̀. Ọmọ tó ń béèrè "ta ló sọ bẹ́ẹ̀" lójú yín, ẹ̀yin ló fọkàn tán tó fi lè béèrè.

Ẹni tó sì ní ká máa pe ẹ̀mí ìwádìí ní "ojúmìító", ẹ jọ̀ọ́, kó mú un padà. Ojúmìító, ti ẹni tó ń yọjú sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Ìtọpinpin wà ńlẹ̀, òfíntótó wà ńlẹ̀. Lọ́dún 1970 tí ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ n'Ífẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, ọ̀rọ̀ ò wọ́n wọn débi tí wọ́n á fi lọ yá ti olófòófó.

Ó ku ọ̀kan. Àǹtí wa tún ní kí n yé ya iyè kúrò lára méjì, pé gbogbo ayé ló ń so ó pọ̀. Mo ti so ó lókè yìí torí yín. Tó bá jẹ́ ọmọ mi ni mò ń kọ̀wé sí, màá fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, kójú ẹ̀ lè rí iyè níbẹ̀. Ẹ fèsì o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàmì ohùn sí i.