Bàbá àgbà ọkọ mi kò fẹ́ ṣíwọ́ fífi ẹrù ránṣẹ́ sílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Vallejo, California):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè dá rò mọ́.

Ọmọ Philippines tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni ọkọ mi. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀, Lolo ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ni wọ́n fa ẹbí yìí wá síbí. Ará Ilocos Norte ni wọ́n, lápá àríwá Philippines. Iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ló gbé wọn wá, nígbà tí ìjọba ń gba ọmọ Philippines sí i ní Sangley Point, ní Cavite. Àdéhùn tí Amẹ́ríkà àti Philippines ṣe ní 1947 ló ṣí ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni wọ́n ń kó fún irú wọn nígbà náà: kí wọ́n dáná, kí wọ́n gbé oúnjẹ fáwọn ọ̀gá, kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n nu bàtà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni iṣẹ́ mìíràn tó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Lolo ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì tún lọ ń gbálẹ̀ ní iléèwé kan. Owó yẹn ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, tí wọ́n sì fi ran àwọn àbúrò níléèwé lọ́hùn-ún.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá mi kò rí físà gbà láti wá wẹ ọmọ. Lolo ló ń wá láràárọ̀. Wọ́n á gbé ìkòkò tinola dání, ọbẹ̀ adìẹ tí wọ́n fi àtalẹ̀, ìbẹ́pẹ dúdú àti ewé mòríńgà sè, wọ́n á ní kí n mu omi rẹ̀ ní gbígbóná kí wàrà lè wá. Wọn kì í lọ títí màá fi mu ún tán. Ẹ̀yìn ilé wọn ni wọ́n ti ń já mòríńgà náà, nítòsí ibi tí wọ́n gbin ejìnrìn sí. Ejìnrìn tí à ń lò fún àgbo nílé, èso rẹ̀ ni wọ́n ń sè jẹ. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé kí ni ìyá mi nílò. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wà lórí tábìlì ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dòní.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ rèé. Láti ìgbà tí Lola, ìyàwó wọn, ti kú, owó ìfẹ̀yìntì Lolo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dúró ní Amẹ́ríkà mọ́. Páálí balikbayan, ìyẹn páálí ńlá tí àwọn ọmọ Philippines tó wà lókè òkun fi ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, kì í sì í tán nílẹ̀ ní gáréèjì: ẹran alágolo, ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ ìfọyín, kọfí, ṣokoléètì, táwẹ̀lì. Wọ́n á ki ìbọ̀sẹ̀ bọ inú bàtà, wọ́n á ki ọṣẹ bọ inú kọ́ọ̀pù kí àyè má ṣòfò, wọ́n á sì kọ orúkọ olóhun sára ohun kọ̀ọ̀kan. Ti Kérésì ni wọ́n ń dì lọ́wọ́ báyìí, torí ojú omi ló ń gbà, ó sì lè tó oṣù méjì kó tó débẹ̀.

Lolo ti ń súnmọ́ 90 ọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ṣubú nídìí páálí náà. Egungun kò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìbàdí wọn wú. Àwọn ọmọ wọn ṣèpàdé, wọ́n ní ẹrù dídì ti parí. Tita, àkọ́bí Lolo, gba káàdì báǹkì wọn. Láti ìgbà náà Lolo kò fẹ́ jẹun. Wọ́n wá ní èmi ni kí n lọ pàrọwà fún wọn, pé Lolo máa ń gbọ́ tèmi. Báwo ni ìyàwó ilé ṣe máa kúnlẹ̀ níwájú àgbà bẹ́ẹ̀, táá ní kí wọ́n má fún ẹ̀jẹ̀ wọn ní nǹkan mọ́?

Ìyá Ìbejì (Houston):

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú àgbà. Má jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ owó láàárín bàbá àtọmọ ni. Bó bá yọrí sí rere, kò sẹ́ni tó máa rántí ẹ. Bí nǹkan bá ṣe bàbá, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tí ìyàwó sọ fún wọn ló fà á. Jẹ́ kí ọkọ rẹ lọ bẹ Tita kó dá káàdì padà. Àgbà tí orí wọn ṣì pé, a kì í gba owó ọwọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Chicago:

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìṣubú yẹn. Ṣé wọ́n ti rí dókítà? Kí wọ́n yẹ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò wò, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè jẹ́ kí òòyì kọ́ àgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Kí wọ́n yẹ ojú wọn wò, àti bàtà tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé. Kí wọ́n yẹ ìrántí wọn wò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ń fi owó kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Àìjẹun yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ìbàdí lọ. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o.

Àwọn ọmọ Philippines pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa, mo mọ bí ọ̀rọ̀ páálí ṣe rí lára wọn. Kò pọn dandan kí bàbá gbé ohunkóhun. Ẹ kó ọjà sórí tábìlì níwájú wọn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa kọ orúkọ, kí àwọn ọmọdé máa tò ó sínú páálí. Ilé iṣẹ́ tó ń kó o máa ń wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà.

Ará Peckham:

Ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ọn. Bàbá tèmi náà lawọ́ báyìí. Nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ wọn kò gbé fóònù. Ẹ bi Lolo léèrè: ta ni wọ́n ń fún, kí sì ni onítọ̀hún ń fi ṣe? Bó bá jẹ́ owó iléèwé, ẹ san án fún iléèwé tààrà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Ẹ ṣé gan-an. Bọ̀dá Peckham, ibi tí ọ̀rọ̀ wà lẹ fọwọ́ bà. Ọmọ àbúrò wọn obìnrin kan ni Lolo ń fún jù. Àbúrò yìí ló dúró ti àwọn òbí wọn, kò sì gbà láti kúrò nílé nígbà tí wọ́n wà láyé. Lẹ́yìn tí wọ́n kú tán ni Lolo tó kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà láti mú un wá, ní 1992. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ètò yìí mọ bí ìlà àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ onílùú ṣe gùn tó. Nígbà náà, ti Philippines ló le jù, ó máa ń ju 20 ọdún lọ. Wọ́n retí títí. Àbúrò wọn kú ní 2013, kò tíì kàn án. Bí ẹni tí wọ́n kọ̀wé fún bá sì ti kú, ìwé náà ti bàjẹ́ nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè fi wọlé.

Lolo ṣì ní lẹ́tà tí ìjọba fi sọ pé àwọn gba ìwé náà. Inú náílọ́ọ̀nù ló wà, nínú dúrọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú ìwé ìfẹ̀yìntì wọn. Nígbà tí wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní, "Òun ló tọ́jú ìyá mi kí n lè wà nínú ọkọ̀ ojú omi." Gbèsè ni wọ́n ka owó yìí sí. Mi ò rò pé àwọn ọmọ wọn mọ̀ nípa lẹ́tà yẹn rárá.

Ará Peckham:

Mo ti gbọ́, àbúrò mi. Tita gbọ́dọ̀ mọ èyí. Síbẹ̀, ẹ má fi ti iléèwé tí mo wí ṣeré.

Ìyá Ìbejì (Houston):

O ti ní iṣẹ́ tí o máa jẹ́ báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ lo sì máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá kí o tó sọ̀rọ̀ lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni. Tọkọtaya ni kẹ́ ẹ jọ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Mo padà wá dúpẹ́. Lolo gbà, àwọn fúnra wọn ló mú lẹ́tà náà jáde fún Tita. Tita sunkún, ó sì dá káàdì padà níbẹ̀. Wọ́n ti rí dókítà, wọ́n sì dín oògùn kan kù. Owó iléèwé àwọn ọmọ méjì tó kù yóò máa lọ síléèwé tààrà. Páálí yóò máa lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àwa la máa máa dì í, kí Lolo máa kọ orúkọ. Wọ́n jẹ ejìnrìn tí wọ́n fi ẹyin dín lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ní kí n tún bu ìrẹsì sí i.

Ó ku nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò ń béèrè owó ńlá láti ra ilẹ̀ nítòsí Laoag, ìlú kan ní Ilocos Norte, ó sì ń kán Lolo lójú. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò?

Àna Iloilo (Toronto):

Ọmọ Philippines ni ìyàwó mi, a ti ra ilẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹ ní kó fi nọ́ńbà ìwé ilẹ̀ náà ránṣẹ́, kí ẹ gba ẹ̀dà tí ìjọba fọwọ́ sí ní Registry of Deeds, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, tó wà lágbègbè ilẹ̀ náà. Wọn kì í bèèrè pé kẹ́ ẹ jẹ́ ẹni tó ni ín. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ìwé bóyá wọ́n ti fi ilẹ̀ náà yá owó. Bí kò bá fún yín ní nọ́ńbà, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Ẹ ṣé, sà. Ọkọ mi ti ń kọ̀wé sí i báyìí láti béèrè nọ́ńbà náà.