Ọ̀rẹ́ mi ń gbé mọ́tò oníná bọ̀ ní abúlé, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ láti Èkó wá lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Inú mi dùn gan-an, àmọ́ mọ́tò oníná ló ń gbé bọ̀, iná ìjọba sì lè má dé fún ọjọ́ méjì níbí.

Jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA ni mo ní. Bí mọ́tò bá fa iná 10 A lórí 230 V láti ara rẹ̀, 2.3 kW nìyẹn. Wákàtí 10 á fún un ní nǹkan bí 23 kWh. Ṣùgbọ́n mọ́tò mìíràn kì í gba iná bí jẹnẹrétọ̀ kò bá ní earthing (wáyà tó so ó mọ́ ilẹ̀). Ṣé kí n pe oníná kó wá ṣe é kí àlejò mi tó dé?

Owó epo ńkọ́? Ọkàn mi ò gbà á kí n bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.